Bí Oko Ẹrú Ṣe Tú ní Bràsíl

Ní ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún, ọdún 1888, Isabel, ọmọbìnrin ọba Bràsíl, tó ń di ìjọba mú nígbà tí bàbá rẹ̀ wà ní Yúróòpù, fọwọ́ sí òfin kan tí kò ju abala méjì lọ. Abala kìíní ní kò sí ẹrú mọ́ ní Bràsíl. Ìkejì ní òfin yòówù tó bá tako èyí ti di òfo. Kálàmù wúrà ló fi kọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtàn tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé níbẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: àánú ṣe ọmọ ọba, ó mú kálàmù, ẹrú bọ́.

Ohun tó fọwọ́ sí yẹn ti ń ṣẹlẹ̀ kó tó jókòó sídìí tábìlì. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ẹrú ti ń dà kúrò nínú oko kọfí São Paulo, tí ọlọ́pàá ń wò wọ́n níran, tí sójà ní iṣẹ́ àwọn kọ́ ni láti máa dọdẹ èèyàn, tí òṣìṣẹ́ rélùwéè ń fi wọ́n pamọ́ sínú ọkọ̀. Olówó ẹrú lè ní ìwé, ó lè ní pàṣán. Bí kò bá ti sí ẹni tí yóò bá a mú ẹni tó sá wálé, ìwé lásán ló dì mú. Bó ṣe di pé kò sí ẹni náà mọ́ ni mo fẹ́ tọpa, nítorí ọwọ́ àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú rẹ̀ ju bí a ti sábà ń gbọ́ lọ.

Láti ìgbà tí àwọn Pọtogí ti ń kó èèyàn wá sí oko ìrèké Pernambuco àti Bàhíà ni sísá ti bẹ̀rẹ̀. Iye àwọn tí wọ́n kó láti Áfíríkà wá sí Bràsíl títí òwò náà fi dópin sún mọ́ mílíọ̀nù 5, kò sì sí ilẹ̀ mìíràn ní gbogbo Amẹ́ríkà tó gbà tó bẹ́ẹ̀. Igbó tóbi, òkè pọ̀. Ẹni tó bá sá tó sì rí ẹgbẹ́, wọ́n á jọ tẹ ibùdó dó, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní quilombo. Èyí tó lókìkí jù lọ ni Palmares, lórí òkè Serra da Barriga, níbi tó ń jẹ́ Alagoas lónìí. Ọmọ Kóńgò àti Àǹgólà ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe Yorùbá. Ogun tiwa kò tíì máa da èèyàn sọ́dọ̀ wọn lọ́pọ̀ yanturu nígbà náà.

Ní 1678, Ganga Zumba, olórí Palmares, bá gómìnà Pernambuco ṣe àdéhùn. Àwọn tí wọ́n bí sí Palmares yóò wà lómìnira, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá wá bá wọn lẹ́yìn náà, kí wọ́n dá a padà fún olówó rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ tó: láti ìgbà yẹn ni ìjà ti wà lórí dídá ìsáǹsá padà. Zumbi kò gbà, ó sì di olórí àwọn tí kò gbà. Ní 1694, ogun tí Domingos Jorge Velho kó wá wó olú ìlú wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Zumbi pín àwọn òpìtàn níyà. Ìtàn tó ti ẹnu dé ẹnu, tí àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ náà gbà wọlé, ní ó bẹ́ sílẹ̀ láti orí àpáta dípò kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà àwọn aláṣẹ Pọtogí fúnra wọn sọ nǹkan mìíràn: ó bọ́ lọ́jọ́ náà, ẹni tirẹ̀ kan ló wá tú u fó, wọ́n pa á ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, 1695, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ kọ́ ní Recife kí àwọn aláwọ̀ dúdú má bàa máa sọ pé kò lè kú. Ìwé yẹn ni mo gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa Palmares, ọ̀tá ló kọ ọ́. Kò sí ìwé kankan tó ti inú rẹ̀ jáde.

Ìjọba Pọtogí kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún hù. Ní 1740, ìgbìmọ̀ ọba ní Lisbon ní ibùdó ìsáǹsá tí èèyàn inú rẹ̀ bá ti lé ní 5, quilombo ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ lẹ́tà F sí èjìká ẹni tí wọ́n bá mú níbẹ̀. Bó bá tún sá, kí wọ́n gé etí rẹ̀ kan. Ìjọba tó ń ka èèyàn mẹ́fà sí ogun, ẹ̀rù ń bà á ni.

Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ mímú lé lọ́wọ́ ni capitão-do-mato, ọ̀gá ọdẹ inú igbó, tó ń gba owó lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá mú bọ̀. Rugendas, ayàwòrán ọmọ Jámánì, ya ọ̀kan nínú wọn: aláwọ̀ dúdú lórí ẹṣin, okùn lọ́wọ́, aláwọ̀ dúdú mìíràn tí wọ́n so ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú àwọn ọdẹ wọ̀nyí jẹ́ ẹni tó ti ṣẹrú rí tàbí ọmọ ẹni tó ṣẹrú. Ìlú tí kò fi iṣẹ́ gidi kan sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú tó bọ́, iṣẹ́ yìí ló fi sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí Àfọ̀njá kọ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin, tí Òwu tú, tí Ọ̀yọ́ náà sì ń ya lulẹ̀, àwọn tí ogun kó bẹ̀rẹ̀ sí í gba Èkó, Àjàṣẹ́ àti Wídà lọ sí Bàhíà. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti jagun rí, àwọn kan ti kéwú. Ní oṣù Kejìlá, 1826, àwọn ìsáǹsá inú igbó Urubu, lẹ́bàá ìlú Salvador, kojú àwọn ọmọ ogun. Obìnrin kan, Zeferina, mú ọrun àti ọfà, ó ń to àwọn èèyàn rẹ̀ sójú ìjà. Ààrẹ ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ pè é ní ọbabìnrin. Nígbà tí wọ́n mú un, ohun tó sọ ni pé Nàgó ló pọ̀ jù nínú àwọn tí àwọn jọ wà. Lẹ́yìn náà ni ti àwọn Mùsùlùmí wa, tí wọ́n ń pè ní Malê: ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, oṣù Kìíní, 1835, bí 600 èèyàn tú jáde sí ìgboro Salvador. Ó lé ní 70 tó kú. Wọ́n na àwọn kan, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ Áfíríkà tó ti gba òmìnira jáde nílùú. Inú àwọn tó padà sílé láti ìgbà náà lọ ni àwọn Àgùdà ti wá, ní Èkó, ní Àjàṣẹ́ àti ní Wídà.

Bàhíà kò tún gbé ohun ìjà mọ́ bẹ́ẹ̀. Ibòmíràn ni ìjà náà gbà, ó wọ kóòtù, ẹni tó sì mú un wọ ibẹ̀, Nàgó ni ìyá rẹ̀.

Luiz Gama ni orúkọ rẹ̀. Salvador ni wọ́n bí i sí, ní 1830. Ohun tí a mọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀, inú lẹ́tà kan tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Lúcio de Mendonça, ní 1880 ló ti wá. Ó ní ìyá òun ń jẹ́ Luiza Mahin, Nàgó ni, kì í ṣe ẹrú, ó ń tajà jẹun, ìyá náà kò sì gba ìrìbọmi láéláé. Ó ní wọ́n ti mú un rí nítorí wọ́n fura pé ó ń gbìmọ̀ ọ̀tẹ̀. Ó lọ sí Rio ní 1837, ọmọ kò sì fojú kàn án mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá a lọ sí Rio. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó láti ilé ọlọ́lá, tó fi tẹ́tẹ́ ba ogún rẹ̀ jẹ́. Ní 1840, bàbá yìí mú ọmọ ọdún 10 yìí wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì tà á. Gama kò dárúkọ rẹ̀, ó ní kí òun má bàa dójú tì í. Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní í rí i rà lọ́wọ̀n mọ́.

Wọ́n fẹsẹ̀ rin ọmọ náà láti Santos gòkè lọ dé Campinas. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, tó bá ti gbọ́ pé ọmọ Bàhíà ni, á yí ẹ̀yìn padà. Lẹ́yìn 1835, ọmọ Bàhíà ti di ẹrú tí kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ nílé. Ó di ọmọ ọdún 17 kó tó mọ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wọ̀ sílé olówó rẹ̀ ló kọ́ ọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó wá ẹ̀rí pé òmìnira ni wọ́n bí òun, ó sì sá.

Ní Bràsíl lónìí, ìtàn àtẹnudẹ́nu ti sọ Luiza Mahin di ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun Malê, ilé rẹ̀ ni wọ́n sì ní wọ́n ti ń ṣèpàdé. João José Reis, òpìtàn tó yẹ ìwé ẹjọ́ 1835 wò fínnífínní, kò rí orúkọ náà nínú àwọn tí wọ́n ṣẹjọ́ fún. Kódà Mahin inú orúkọ rẹ̀, bí ará Ìlàjẹ bá gbọ́ ọ, ilé ni ọkàn rẹ̀ á lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Mahi lápá òkè Dàhòmì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tọ́ka sí. Èmi gba lẹ́tà ọmọ gbọ́ níbi tó dé: obìnrin Nàgó kan wà, kò tẹrí ba fún wọn, ọmọ rẹ̀ kò sì rí i mọ́. Ogun Malê kò sí nínú lẹ́tà náà.

Gama fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin São Paulo, wọn kò gbà á, ló bá ń dá òfin kà. Ìwé àṣẹ ni wọ́n wá fún un pé kó máa gba ẹjọ́ rò. Òfin kan wà tí àwọn aláṣẹ ti gbàgbé sínú àpótí: ti ọjọ́ 7, oṣù Kọkànlá, 1831, tó ní ọmọ Áfíríkà yòówù tó bá gúnlẹ̀ sí Bràsíl láti ọjọ́ náà lọ ti di òmìnira. Nítorí ojú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe òfin yẹn, kò sì sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Ó lé ní 700,000 èèyàn tí wọ́n kó wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Òfin mìíràn, ti 1850, ló wá ti èbúté pa.

Gama fa òfin 1831 jáde. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣe é. Ọkùnrin kan sá wá bá a ní 1870, ọmọ Áfíríkà ni, ó tó ẹni ogójì ọdún. Ogójì ọdún yẹn túmọ̀ sí pé ọmọ ọdún kan ni nígbà tí òfin jáde. Ó ṣòro kí wọ́n ti kó o wọlé ṣáájú ìgbà náà. Òmìnira ni, ẹni tó ń pè é ní ẹrú ló rú òfin. Gama á kọ̀wé sí adájọ́, á sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi ọkùnrin náà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí ẹjọ́ bá ń lọ, kí olówó má bàa rí i gbé lọ sóko. Ìsáǹsá kò sí níbẹ̀ mọ́, olùpẹ̀jọ́ ló wà níbẹ̀. Ó lé ní 500 èèyàn tó gbà sílẹ̀ báyìí, kò sì gba owó lọ́wọ́ aláìní. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n forúkọ gbogbo ẹrú sílẹ̀ ní 1872, ọ̀pọ̀ olówó ẹrú fi kún ọjọ́ orí àwọn Áfíríkà wọn kí òfin 1831 má bàa mú wọn. Òfin 1885 wá dé, ó ní ẹrú tó bá ti pé 60 ọdún ti bọ́. Irọ́ tí wọ́n pa fún ìwé ló gba ẹrú lọ́wọ́ wọn. Mi ò lè ka ibẹ̀ kí n má rẹ́rìn-ín.

Gama kú ní oṣù Kẹjọ, 1882. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló tẹ̀ lé òkú rẹ̀ gba ìgboro São Paulo kọjá, olówó àti ẹrú ń du ibi tí wọ́n máa fọwọ́ kan pósí.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé àwọn ọdún wọ̀nyí gan-an ni nǹkan yí? Kọfí ni mo kọ́kọ́ ń wò. Nígbà tí èbúté ti tì ní 1850, àwọn oko kọfí gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹrú lọ́wọ́ àwọn ará àríwá, níbi tí ìrèké ti ń kú lọ. Nǹkan méjì ló tìdí èyí yọ. Ará àríwá tó ti ta ẹrú rẹ̀ tán kò ní ìdí láti jà fún oko ẹrú mọ́. Ẹrú tí wọ́n sì tà lọ sí gúúsù ti fi ìyàwó, ọmọ àti ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Kò sí ohun tó so ó mọ́ oko náà àfi ẹ̀rù.

Ceará, ní àríwá, ni èyí ti kọ́kọ́ hàn. Ọ̀dá mú ibẹ̀ láti 1877 títí dé 1879, àgbẹ̀ tó ti gbẹ ń ta ẹrú fún àwọn tó ń kó wọn lọ sí gúúsù. Fortaleza, olú ìlú Ceará, kò ní èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè sún mọ́. Jangada, ọkọ̀ pákó pẹlẹbẹ tí àwọn apẹja ń lò, ló ń gbé èrò lọ bá a lójú omi. Ní oṣù Kìíní, 1881, àwọn atukọ̀ jangada ní àwọn kò gbé ẹrú mọ́. José Luís Napoleão, tó ti ṣẹrú rí, àti Francisco José do Nascimento, tó mọ ojú omi náà bí ẹní mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ló ṣáájú wọn. Nascimento pàdánù iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ nítorí èyí. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, 1884, Ceará fòpin sí oko ẹrú ní ilẹ̀ tirẹ̀, ọdún mẹ́rin kí kálàmù wúrà tó jáde. Bràsíl wá ní ibi tí ìsáǹsá lè sá sí láì jáde kúrò ní Bràsíl. Ní Recife, àwọn kan dá Clube do Cupim sílẹ̀, ìyẹn Ẹgbẹ́ Ikán. Wọ́n ń fi èèyàn pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ceará lábẹ́ imú ọlọ́pàá.

São Paulo ni ibi tó gbóná jù. Orí òkè ni oko kọfí wà, ìsàlẹ̀ létí òkun ni Santos wà, òkè Serra do Mar ló pààlà láàárín wọn, rélùwéè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe parí ní 1867 sì gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n là fún kọfí ni àwọn ìsáǹsá gbà. Lẹ́yìn ikú Gama, Antônio Bento ló gba iṣẹ́ náà, òyìnbó tó ti ṣe adájọ́ rí, tó sì ń ṣe olórí ẹgbẹ́ ìjọ Nossa Senhora dos Remédios. Ó kó àwọn ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti irin tí wọ́n fi ń jẹ ẹrú níyà jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí olùjọsìn máa rí i. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Caifazes: awakọ̀ ẹlẹ́ṣin, òṣìṣẹ́ rélùwéè, atẹ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ti ṣẹrú rí. Ọ̀kan á ṣe bí ẹni ń kiri ọjà wọ oko, á tàjà, á sì sọ̀rọ̀ sétí ẹni tó yẹ. Lóru, wọ́n á rìn dé ibùdókọ̀. Ẹni tiwọn ló ń ṣọ́ ọkọ̀.

Kì í ṣe gbogbo àwọn tó ń tako oko ẹrú ló fara mọ́ èyí. Joaquim Nabuco, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1883, ní ilé aṣòfin ló yẹ kí wọ́n ti ja ìjà náà, kì í ṣe inú oko, nítorí ẹrú tí wọ́n bá rú sókè ni ìyà máa jẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọgbọ́n nínú. Ṣùgbọ́n ilé aṣòfin tó ń wí yẹn, àwọn ọlọ́kọfí ló kún inú rẹ̀.

Jabaquara, lẹ́yìn Santos, ni àwọn Caifazes ń kó àwọn ìsáǹsá sí. Quintino de Lacerda, ọmọ Sergipe tó ti ṣẹrú rí, ni olórí. Àwọn tó kọ ìtàn ìlú náà ní àwọn tó wà níbẹ̀ tó 10,000; àwọn onímọ̀ òde òní ò gbà, nítorí gbogbo ará Santos fúnra wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju iye yẹn lọ. Bí mo ṣe rò ó, àwọn tó kọjá níbẹ̀ ni wọ́n kà mọ́ àwọn tó gbé ibẹ̀. Púpọ̀ wọn kò dúró: wọ́n ń ru àpò kọfí ní èbúté, tàbí Bento bá wọn wá iṣẹ́ olówó ọ̀yà lọ́dọ̀ àgbẹ̀ tí ẹrú tirẹ̀ náà ti sá.

Ní 1886, wọ́n na àwọn ẹrú kan ní Paraíba do Sul ní 300 pàṣán ẹnì kọ̀ọ̀kan nípa ìdájọ́ kóòtù. Méjì kú lójú ọ̀nà bí wọ́n ti ń lé wọn padà sóko. Ariwo náà pọ̀ débi pé ní oṣù Kẹwàá, ilé aṣòfin fagi lé ìnà tí kóòtù ń pa láṣẹ. Láti ọjọ́ yẹn, ìsáǹsá tí ọwọ́ tẹ̀ kò ní pàṣán ìjọba láti bẹ̀rù mọ́.

Sójà ló kù. Ní oṣù Kẹwàá, 1887, ó lé ní 100 ẹrú tó dìde láti agbègbè Capivari, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n gbọ̀nà Santos. Pio ni wọ́n ń pe aṣáájú wọn. Wọ́n bá ọlọ́pàá jà lójú ọ̀nà, wọ́n sì kọjá. Lórí Serra do Mar ni sójà ti ká wọn mọ́, Pio sì kú síbẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn dókítà la ikùn rẹ̀, kò sí oúnjẹ kankan níbẹ̀. Ó ti lé ní ọjọ́ mẹ́ta tó ti jẹun kẹ́yìn. Ìtàn kan tún wà pé ọ̀gágun tí wọ́n rán sí wọn ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n tètè sá wọ igbó, kí òun lè wí pé òun kò rí wọn. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ni ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní oṣù yẹn kan náà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gágun, tí Deodoro da Fonseca ṣe olórí rẹ̀, kọ̀wé sí Isabel pé kí ó má fi sójà dọdẹ àwọn tó ń sá jẹ́jẹ́ nítorí òmìnira. Ìjọba kò gba ìwé náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ti dé gbogbo bárékè. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ti ja ogun Paraguay pẹ̀lú ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ kó lè wá jà. Ó ṣòro láti sọ fún ẹni tó bá ọ jagun lánàá pé ẹran ìgbẹ́ ni lónìí.

Àwọn olóko kan rí i pé sójà ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn, wọ́n bá fọwọ́ ara wọn ṣe é. Ní Penha do Rio do Peixe, Joaquim Firmino, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, kì í mú ìsáǹsá. Ní òru ọjọ́ 11, oṣù Kejì, 1888, ogunlọ́gọ̀ já wọ ilé rẹ̀, wọ́n lù ú pa. Méjì nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ pé ó ṣáájú wọn jẹ́ ará Amẹ́ríkà, James Warne àti John Jackson Klink, lára àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà tó kó wá sí Bràsíl lẹ́yìn tí wọ́n pàdánù ogun abẹ́lé tiwọn lórí ẹrú. Kóòtù kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìlú náà yí orúkọ padà sí Itapira, kí ojú má bàa tì í mọ́.

Lẹ́yìn èyí, àwọn olóko São Paulo ń sáré dá ẹrú sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹni kórè kọfí fún wọn. Ẹrú tó jẹ́ bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ ní 1872 ti di 720,000 àti díẹ̀ ní 1887. Nígbà tí òfin dé ilé aṣòfin kékeré ní oṣù Karùn-ún, 9 péré ló dìbò takò ó.

Lẹ́yìn òfin náà, àwọn olówó ẹrú fẹ́ gba owó gbà-má-bínú. Ní 1890, Rui Barbosa, mínísítà ìṣúná, pàṣẹ pé kí wọ́n sun ìwé orúkọ ẹrú tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹnu ayé ní iná yẹn ló jó ìtàn aláwọ̀ dúdú Bràsíl run. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán: ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ti kóòtù àti ti àwọn amòfin ṣì pọ̀ rẹpẹtẹ, àwọn ni Reis àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà. Ohun tí Barbosa fẹ́ sun ni ẹ̀rí tí olówó ẹrú fẹ́ fi bèèrè owó.

Ní 1891, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Santos, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, daṣẹ́ sílẹ̀. Quintino kó àwọn èèyàn Jabaquara wọ ibẹ̀ láti ṣiṣẹ́ náà. Àwọn òpìtàn kan ní ṣe ló dalẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn òyìnbó náà ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Wọ́n dìbò yan Quintino sí ìgbìmọ̀ ìlú Santos ní 1895. Ní 1898, òun àti Antônio Bento kú.

Ní 1988, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn òfin Isabel, òfin ìpilẹ̀ Bràsíl sọ pé àwọn ọmọ quilombo ló ni ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé, kí ìjọba sì fún wọn níwèé. Ìkànìyàn 2022 ka mílíọ̀nù 1.3 nínú wọn. Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ tó ti gba ìwé kò tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún.